Owó ọjà kan náà, ṣúgà tó dínkù: bí ẹ ṣe lè tún oúnjẹ ilé tò

Ẹni tó bá fẹ́ tún oúnjẹ ilé rẹ̀ ṣe, inú ife ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìkòkò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ ra ọ́òtì, ìyẹ̀fun wíìtì àti oyin onígò. Kí oṣù tó dé ìdajì, owó á ti tán, wọ́n á sì padà sídìí búrẹ́dì àti tíì aládùn. Kò sí èyí tó pọn dandan nínú ọjà wọ̀nyẹn. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìrù, ẹja ṣáwá, ẹ̀pà àti ògì tó kún Bódìjà, Mile 12 àti Ọjà Ọba tó ilé jẹ dáadáa. Ohun mímu ni owó àti ìlera ti ń jò lọ, ibẹ̀ la ó sì ti mú un.

Níbikíbi tí a bá ti sọ pé ife nísàlẹ̀ yìí, agolo mílíìkì tí wọ́n fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì lọ́jà là ń sọ.

Ẹ̀yìn ìgò

Ẹ yí ìgò ẹlẹ́rìndòdò padà, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye ṣúgà sí. Ìwọ̀n mìlílítà 100 ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 10 ló wà nínú mìlílítà 100, gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò 50cl. Ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ ń gba nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin, nítorí náà ṣíbí méjìlá àtààbọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bu ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú omi kó sì mu ún lójú ara rẹ̀. Òtútù àti ìfófòó inú ìgò ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ni pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu, títí kan èyí tó wà nínú oyin àti omi èso, má ṣe dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Fún àgbàlagbà tó ń jẹ nǹkan bíi kàlórì 2,000, gíráàmù 50 nìyẹn. Wọ́n ní bí a bá lè mú un wá sí gíráàmù 25, ó tún sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò kan ṣoṣo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ ọjọ́ náà tán kí onítọ̀hún tó fẹnu kan oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin ṣírò rẹ̀. Bí oníkálukú bá ń mu ìgò kan lójúmọ́, ìgò 28 ni lọ́sẹ̀, ṣúgà inú rẹ̀ sì jẹ́ kílò kan ó lé gíráàmù 400. Ẹ kọ iye owó ìgò 28 sórí ìwé, kẹ́ ẹ wá béèrè iye tí kóńgò ẹ̀wà kan ń lọ lọ́jà àdúgbò yín. Ẹ fúnra yín ṣe é, torí owó ọjà kì í dúró lójú kan. Ìjọba àpapọ̀ ti fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu aládùn nínú òfin ìṣúná ọdún 2021, ṣùgbọ́n náírà márùn-ún lórí ìgò 50cl kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí fíríìjì.

Mọ́ọ̀tì kò yàtọ̀ o. Àwọn èèyàn máa ń rà á fún aláboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn agolo rẹ̀ bí ẹ ṣe ka ti ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Omi èso inú páálí náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ ọsàn náà fúnra rẹ̀ tọ̀ràntọ̀ràn. Èèyàn lè mu omi ọsàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ẹni tó máa jókòó jẹ márùn-ún tán kò wọ́pọ̀.

Ti tíì, ẹ má ṣe gé e lójijì. Ẹni tó ń fi ṣíbí mẹ́rin sí i kó lo mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ kan, kó lo méjì fún ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí ahọ́n á fi gbà. Ẹni tó bá já a lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń fi bisikíìtì àti pọ́fùpọ́fù gbẹ̀san ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ sì rántí pé ìyẹ̀fun kòkó inú agolo ti ní ṣúgà kó tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é, mílíìkì dídì aládùn inú agolo náà sì ti ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣúgà lé wọn lórí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fi sí i.

Sobo láìsí ṣúgà

Bí ilé bá fẹ́ ohun pupa tó tutù, ẹ se sobo. Ife kan ewé sobo gbígbẹ, omi lítà méjì, atalẹ̀ tó gùn tó àtàǹpàkò tí ẹ ti gún, kànáfùrù márùn-ún tàbí mẹ́fà, àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ ẹ́. Èèpo yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà nù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú òórùn àti adùn díẹ̀ wá. Ẹ ṣan sobo kíá nínú omi tútù, torí iyanrìn kì í wọ́n nínú rẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ pa iná, ẹ dé e títí tó fi tutù, ẹ wá fi aṣọ sẹ́ ẹ.

Bó bá kan jù, omi lẹ ó fi là á. Ẹ lè fi dèbínò márùn-ún sè é, àmọ́ ẹ má tan ara yín, dèbínò náà ní ṣúgà. Bí sobo bá korò, ó pẹ́ jù lórí iná. Nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ dúró, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Níta, ẹ mu ún tán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sè é. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ di ohun mímu ojoojúmọ́, torí sobo lè fà á wálẹ̀ sí i.

Fún ẹni tó ń mu gàrí, ẹ̀pà ni kó rọ́pò ṣúgà: ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan sí ife gàrí kan, tàbí ẹja sísun. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó bu, tó hunjọ tàbí tó korò dà nù, torí májèlé tí ebu ẹ̀pà ń gbé kì í kú tán sínú iná tí a fi ń yan án. Ẹni tó bá sì rí agbáyun, kó lá a kó tó mu gàrí Ìjẹ̀bú: kíkan náà á di adùn lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, láìsí hóró ṣúgà kankan. Kì í sí lọ́jà lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí a kò fi kọ ọ́ mọ́ ohun tẹ́ ẹ máa rà.

Ògì tó ní nǹkan nínú

Ògì lásán kò lágbára púpọ̀. Bí a ṣe ń sẹ́ ẹ, apá kan ohun rere inú àgbàdo ń bá eèrí lọ, apá kan ń bá omidùn lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń mu ògì kún ikùn tí ebi sì ń pa á lẹ́yìn wákàtí kan. Ṣúgà tí a fi sí i kò yanjú rẹ̀. Sóyà ló ń yanjú rẹ̀, iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì sì ti ṣiṣẹ́ lórí ògì onísóyà láti ọ̀pọ̀ ọdún.

Ife àgbàdo mẹ́rin sí ife sóyà kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ ọ̀, ẹ ṣa sóyà, ẹ dà á sínú omi tó ti ń hó, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má fo èyí. Sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ikùn rí amúaradàgbà inú rẹ̀ lò, iná ló ń pa èròjà náà, òun náà ló sì ń pa òórùn ẹ̀wà tútù tí àwọn ọmọ kì í fẹ́. Ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ léfòó, ẹ bu èèpo náà dà nù, ẹ wá pò ó mọ́ àgbàdo, kó lọ sí ilé ìlọta. Ẹ sọ fún alọta pé kó fọ ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ògì yín á di ògì aláta.

Bí ẹ bá sẹ́ ẹ tó sílẹ̀, ẹ máa rí i pé ó rọ̀ ju ògì lásán lọ, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tòrò. Kò bàjẹ́, sóyà ló fà á. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni títọ́jú: ògì onísóyà kì í pẹ́ tó ògì lásán kó tó yí òórùn padà. Èyí tí ẹ máa mu ní ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ fi sínú omi, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fún ìyókù gbẹ, ẹ dì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ẹ kó o sí ibi tó ń dì nínú fíríìjì. Tẹ́ ẹ bá ń ro ó, ẹ má kàn da omi gbígbóná lé e kẹ́ ẹ sì gbé e kalẹ̀. Ẹ gbé e padà sórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ máa rò ó, torí ó máa ń tètè jóná nídìí.

Ilé tí kò lè ṣe gbogbo èyí, kó yan sóyà gbẹ, kó lọ̀ ọ́ kúnná, kó máa po ṣíbí ìjẹun méjì mọ́ àwo ògì kan kó tó gbé e síná.

Ẹ̀wà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí gáàsì jẹ owó rẹ̀

Ife ẹ̀wà gbígbẹ kan tó àgbàlagbà méjì jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀wà kì í wọ́n tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Gáàsì tí wọ́n fi ń sè é fún wákàtí méjì ló ń wọ́n, rírẹ ló sì ń gé e kúrú. Ẹ rẹ ẹ́ láti alẹ́; bẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa iná, ẹ dé e fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣe èyí tàbí ìyẹn, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é. Omi tẹ́ ẹ dà nù yẹn ló ń gbé púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ikùn kún fún afẹ́fẹ́ lọ.

Àlùbọ́sà ni kó kọ́kọ́ wọlé. Tòmátì àti ata tútù kò gbọdọ̀ wọlé kí ẹ̀wà tó rọ̀, torí kíkan inú wọn kì í jẹ́ kó tètè rọ̀. Ẹ fi iyọ̀ sí i nígbà tó bá rọ̀ tán. Káún máa ń mú un rọ̀ kíákíá lóòótọ́, àmọ́ ó ń pa fítámì B1 inú ẹ̀wà. Ẹni tó ti rẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́jú kò nílò káún. Epo pupa: ẹ fi ṣíbí ìjẹun wọ̀n ọ́n, ẹyọ kan fún ẹnì kan. Ọwọ́ tó bá ń da epo láti ẹnu ìgò kì í mọ ìwọ̀n.

Nípa oògùn kòkòrò: NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń fi Sniper sí ẹ̀wà, àmọ́ àwọn kan ò tíì jáwọ́. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá ní òórùn tó ń ta imú, ẹ fi í sílẹ̀. Fífọ̀ àti rírẹ lè dín oògùn kù, wọn kò lè kó o tán. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ bá rà púpọ̀, ẹ sá a dáadáa, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, ẹ dé e pa. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú nígbà tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí.

Mọ́ínmọ́ín ni ọ̀nà tó dára jù láti fún ọmọ tí kò fẹ́ ẹ̀wà ní ẹ̀wà. Fún ife méjì: tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo kan, àlùbọ́sà ńlá kan, òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, ẹyin sísè méjì tí ẹ gé wẹ́wẹ́ tàbí ṣáwá kan tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Ẹ lu ú dáadáa kó tó wọ ewé. Bó bá le lẹ́yìn tó jinná, omi rẹ̀ kéré. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ sì dì, omi pọ̀ jù, tàbí pé ẹ kò rò ó láàárín bí ẹ ṣe ń bù ú. Nǹkan bíi wákàtí kan ló ń gbà lórí iná, bó bá jẹ́ ewé lẹ lò; ike àti agolo lè tètè jinná jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀fọ́ àti ẹja

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀fọ́ ń dínwó, nígbà tí àwọn tó ń tà á fẹ́ lọ sílé. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹni tó bá gé e tán kó tó fọ̀ ọ́, ó ti fi fítámì rẹ̀ fọ ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kò fẹ́ ju omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan lọ. Bíbọ̀ ọ́ títí kó di rọ́birọ̀bi, kí a sì tún fún un gbẹ bí aṣọ, ló ń sọ ẹ̀fọ́ di pàǹtí aláwọ̀ ewé.

Ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò fún ènìyàn mẹ́rin: ìdì ńlá mẹ́ta ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, tàtàṣé mẹ́ta, rodo méjì, àlùbọ́sà kan, ìrù ṣíbí ìjẹun méjì, epo ṣíbí mẹ́rin, ṣáwá mẹ́rin. Ẹ yọ́ epo, ẹ da àlùbọ́sà àti ìrù sí i, lẹ́yìn náà ata. Ẹ jẹ́ kí ata gbẹ títí tí epo á fi yọ lójú. Ibí ni àwọn tó ń kánjú ti ń bà á jẹ́: ata tí omi rẹ̀ kò gbẹ ló ń sọ ẹ̀fọ́ di omi ọbẹ̀. Ẹja tẹ̀lé e, ẹ̀fọ́ wọlé kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ sọ̀ ọ́. Ìrù tó tó kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ nílò ju magí kan lọ, iyọ̀ náà á sì dínkù.

Ẹ má ka pọ̀nmọ́ mọ́ ẹran. Ó dùn lẹ́nu, kò burú, àmọ́ amúaradàgbà inú rẹ̀ kò pé. Ẹni tó bá ń fi í rọ́pò ẹja lójoojúmọ́ ń náwó sórí jíjẹ lásán. Ṣáwá kékeré tí egungun rẹ̀ rọ̀ débi tí a lè rún un pọ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀ sàn jù ú lọ, kálísíọ́ọ̀mù sì wà nínú egungun yẹn. Nídìí ẹja dídì, ẹ wo ojú rẹ̀: kó mọ́, kó má wọ inú. Ẹ gbọn yìnyín ara rẹ̀ dànù kó tó gun orí ìwọ̀n.

Ibi tó bá ní àyè tó gba àpò sìmẹ́ńtì méjì tí a kó ilẹ̀ sí, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí ọ̀kan, gbúre sí èkejì. Ẹ po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn kó má baà dì pọ̀ lójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ó ti máa ké e. Gbúre kò fẹ́ irúgbìn rárá, ẹ ki igi rẹ̀ tẹ́ ẹ ti já ewé lórí rẹ̀ bọ ilẹ̀ tútù.

Òkèlè

Àwọn kan gbà pé àmàlà kò ní ṣúgà torí pé kò dùn, pé wíìtì jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò lópin. Òkèlè gbogbo ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n lè rọra wọlé, àmọ́ ẹni tó bá jẹ òkè rẹ̀ méjì ti sọ àǹfààní náà nù. Kí òkèlè má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ bu ẹ̀fọ́ tàbí ilá kún ìdajì àwo, kẹ́ ẹ fi ẹja tàbí ẹ̀wà sí ìdá mẹ́rin rẹ̀, òkèlè á wá gba ibi tó ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ bu òkèlè, àyè kì í kù.

Iṣu sísè pẹ̀lú ẹ̀fọ́ sàn ju iyán kúnná lọ, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà sì sàn ju dòdò lọ.

Ọjà ọ̀sẹ̀ kan

Fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin: ẹ̀wà kóńgò méjì, sóyà ife méjì, àgbàdo ife mẹ́jọ fún ògì, ẹ̀pà ife mẹ́rin, ṣáwá kílò méjì, ẹyin 12, ìrù, ata àti àlùbọ́sà, gàrí tàbí èlùbọ́ tẹ́ ẹ ń rà tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kó dín ní ìdá mẹ́ta, ẹ̀fọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì-méjì, ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tó bá wà lásìkò. Epo ṣíbí mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 420 lọ́sẹ̀, ìgò 75cl ò ní tán. Ẹ mú kóńgò tiyín lọ́wọ́, tàbí kẹ́ ẹ yí ti oníṣòwò padà kó tó wọn nǹkan: èyí tí wọ́n ti lù nídìí kó wọnú á jẹ yín ní ẹ̀kúnwọ́ kan ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó ń ta ẹja dídì sì máa ń dínwó fún ẹni tó bá ra páálí. Ìdílé mẹ́ta lè dáwó jọ kí wọ́n pín in.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí tó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kó sọ fún dókítà kó tó dín oúnjẹ kù, torí oògùn tó bá oúnjẹ àtijọ́ mu lè wá pọ̀ jù fún ti ìsinsìnyí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ po ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà sínú ife omi, ẹ fún un mu, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì yá, ẹ tún un ṣe, lẹ́yìn náà kó jẹun. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá. Nítorí ìyẹn, kí agolo ṣúgà kékeré kan máa wà nílé, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tó wà.